Ìyá Tí Kò Ka Ọmọ

Ojú tí Ìrètíolúwa kọ́kọ́ fi wo Philip, ojú ìjà ni. Ọmọbìnrin náà já wọ gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní Ọ̀yọ́, níbi tí Philip ti ń fi géèmù orí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹ ọpọlọ àwọn àgbà wò, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ti já sẹ́nu ọ̀nà, ó na ìwé kan sí i nímú.

"Ìwọ lo kọ ọ́ pé ọpọlọ ìyá mi ti ń jó àjórẹ̀yìn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sísítà, èmi kọ́. Géèmù ló sọ ọ́."

"Géèmù! Tíṣà tó kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìṣirò, géèmù ló máa sọ pé kò lè kà dé mẹ́wàá?"

Ó tọ́ kí inú bí i. Bí David ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe rí ìwé yẹn, kò bi ìyá wọn ní ìbéèrè kan, ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá náà, ó ní kó jókòó sílé. Àgbàlagbà tó ń bọ́ ara rẹ̀! Ìwé pélébé kan sọ ọ́ di ọmọdé.

Philip, tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jiyàn. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ lé e délé. Nínú géèmù náà, àwòrán àwọn ọmọdé ń sáré kọjá lójú ẹ̀rọ, ẹni tó ń ṣe é sì gbọ́dọ̀ tètè tẹ iye wọn. Màmá Rose, ìyá Ìrètíolúwa, ká ọwọ́ gbera.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kà wọ́n?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Ojú ti Philip. Ìyá tirẹ̀ ní àdúgbò Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ òun. Síbẹ̀ ó gbé géèmù òkèèrè wá ká àwọn àgbà mọ́lé, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì!

"Ẹ̀bi mi ni," ló wí. "Gbogbo àgbà tí mo yẹ̀ wò ni màá tún yẹ̀ wò."

Ó yọ àwọn ọmọ kúrò nínú géèmù náà, ó fi ọsàn rọ́pò wọn. Ìrètíolúwa ló ń bá a yan àwòrán.

"Ọ̀gá géèmù, ṣé ọsàn lèyí àbí bọ́ọ̀lù?"

"Ọsàn ni, arẹwà. Ṣé ojú ìjà yẹn lo ṣì fi ń wò ó?"

Ìrètíolúwa rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì mọ̀.

Màmá ka ọsàn, kò ṣi ẹyọ kan. Philip mú ìwé tuntun lọ bá David, kò kúrò níbẹ̀ títí David fi wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn ẹbí Philip wá tọrọ Ìrètíolúwa. Màmá Rose tẹjú mọ́ Philip.

"Ìwọ náà máa ṣe ìdánwò. Ọmọ mélòó lẹ máa bí fún mi?"

Philip wo olólùfẹ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, a kì í kà wọ́n."

"O yege," ni Màmá wí, ó sì fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́.