Ìrora Màmá Olóbì

"Ọmọ́yẹni, gbé mi dìde kí wọ́n tó wọlé! Tètè! Ṣé kí wọ́n bá mi nílẹ̀ bí ẹrù ni?"

Ọmọ́yẹni ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá ìyá àgbà rẹ̀, ó rọra gbé e jókòó sórí ẹní. Bí ẹ̀yìn Màmá ṣe ń nà, ó fún ojú pọ̀, ó sì wa eyín pọ̀, ṣùgbọ́n kò ké. Ó ti kun àtíkè. Ó ti wé gèlè tó máa ń wé lọ sí ìpàdé àwọn olóbì.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ìrọ̀rí tì yín lẹ́yìn."

"Ìrọ̀rí fún kí ni? Kí òyìnbó lè rò pé mo ti ń kú lọ? Gbé agbọ̀n obì yẹn wá síwájú mi. Ẹnu iṣẹ́ ni kí wọ́n bá mi."

Ọmọ́yẹni gbé agbọ̀n náà wá. Obì gbànja ló kún inú rẹ̀, wọ́n fi ewé tútù tẹ́ ẹ yí po. Ní Sábó, ní Ṣàgámù, kò sí ẹni tó ń ra obì tí kò mọ Màmá Olóbì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, jẹjẹrẹ mú un lọ́mú. Àwọn dókítà gé ọmú náà, àìsàn ọ̀hún sì ti sá lọ sínú eegun ẹ̀yìn kí wọ́n tó gé e. Wọ́n sọ fún ìdílé pé kò sí ohun tí ọ̀bẹ tún lè ṣe sí i mọ́.

Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ wá so ọwọ́ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun. Ẹgbẹ́ náà ra mọ́tò fún wọn, ó bá wọn kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì ń bá wọn wá oògùn ìrora. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ láti ilé dé ilé wo àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, kí ara lè tù wọ́n ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún wọn.

Àwọn méjì ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èkíní ni Nọ́ọ̀sì Olúsànyà, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Èkejì ni Joanna, òyìnbó tí ẹgbẹ́ aláàánú náà rán wá. Bí Joanna ṣe rí Màmá, ó fi eékún méjèèjì gúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ òyìnbó! A sùn dáadáa, ọmọ mi. Dìde o, kí eékún pupa yẹn má bàa bó sí mi nílé!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì Olúsànyà fa àpótí kan, ó jókòó.

"Màmá, ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí."

"Òru ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Bí ọmọ tuntun."

"Ẹ fi ọwọ́ hàn mí. Bí kò bá dùn yín rárá, ẹ di ìkúùkù. Bó bá le gan-an, ẹ na gbogbo ìka."

Màmá di ìkúùkù pinpin bí ẹni tó fẹ́ bá èèyàn jà, ó sì rẹ́rìn-ín sí Joanna.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Ọmọ́yẹni. "Ìwọ lẹ jọ ń gbé. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ọmọ́yẹni mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ Màmá ní ìdájí, tó máa ń ki etí ìró bọ ẹnu, kí àwọn ará ilé má bàa gbọ́ ìkérora rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ojú náà sì ti sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo àdúgbò ló ń yin Ọmọ́yẹni pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ó wolẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó fi oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà níbi gbogbo sílẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sára páálí rẹ̀. "Oògùn tó lágbára wà nínú mọ́tò," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹni tí ara bá ń dùn la ń fún."

Ìró mọ́tò wọn kò tíì tán nílẹ̀ tí Màmá fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òógùn bo àtíkè ojú rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Sọ kí ni? Ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kí mi, ìrora ni kí n bù fún un mu? A kì í ṣe àlejò bẹ́ẹ̀. Àti pé ohun téèyàn bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè ló ń jẹ́. Mi ò ní fẹnu mi pe àìsàn."

Láti ọjọ́ náà, ṣe ni nǹkan ń le sí i. Màmá kò lè jókòó mọ́, ká má tíì sọ pé ó máa lọ sí ìsọ̀. Obì ń làágùn nínú agbọ̀n, kò sí ẹni tó ń ṣà á, kòkòrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ọmọ́yẹni se ìkọ́kọrẹ́, ó fi ẹja sí i dáadáa, Màmá kàn tọ́ ọ wò, ó gbé e tì. Màmá tó lè tìtorí ìkọ́kọrẹ́ dìde lójú oorun! Ọmọ́yẹni gbé abọ́ náà sẹ́yìn ilé, ó bú sẹ́kún. "Bẹ́ẹ̀ ni mà" tí òun sọ yẹn ló dá oògùn padà sínú mọ́tò.

Ó mú páálí oògùn náà lọ bá Kàúsárà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ó rò fún un.

"Ìwọ lo sọ pé bẹ́ẹ̀ ni?" Kàúsárà pariwo.

"Rọra! Kí ni kí n sọ? Kí n pe Màmá lónírọ́ lójú àlejò?"

"Nígbà tí wọ́n bi wá ní kíláàsì pé ta ló fọ́ dígí, ojú rẹ kòrókòró ló ṣe, o dákẹ́, gbogbo wa la jọ gé koríko. Ẹnu rẹ yìí, ọjọ́ wo lo fẹ́ lò ó? Àbí ò ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó ni?"

Ẹ̀rín gba ẹnu Ọmọ́yẹni bí omijé tilẹ̀ wà lójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Kí ẹ̀rù máa bà ọ́, kí o sì máa tẹ nọ́ńbà. Gba fóònù mi."

Nọ́ọ̀sì Olúsànyà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán lórí fóònù. "Mo ti fura," ó ní. "Ìkúùkù tí wọ́n dì yẹn ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mi ò lè da oògùn tó le sẹ́nu ẹni tó ní nǹkan kan ò ṣe òun. Mo ní láti mọ bí ìrora náà ṣe pọ̀ tó kí n tó mọ ìwọ̀n tí n máa fún wọn. A máa yà lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ fún mi lẹ́yìn wọn yìí, ojú wọn ni wàá ti sọ ọ́ o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ mà," ni Ọmọ́yẹni wí.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kò lágbára àtiwé gèlè mọ́, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó, kí wọ́n sì gbé agbọ̀n obì wá.

"Màmá, ara ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"A dúpẹ́."

"Kò rí bẹ́ẹ̀ mà."

Ohùn náà kéré débi pé Joanna ní láti fi etí sí i. Ọmọ́yẹni ti kúnlẹ̀. "Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Wọn kì í sùn. Wọn ò jẹun mọ́. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́sí."

"Háà! Ọmọ́yẹni!" Màmá gbọn orí. "Èmi lo sọ di onírọ́ níwájú àlejò? Èmi tí mo tọ́ ọ dàgbà?"

Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, Ọmọ́yẹni ìbá ti sá lọ sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n bó ṣe wolẹ̀, agbọ̀n obì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì sọ sí i lọ́kàn.

"Màmá, ẹ má bínú. Bí oníbàárà yín láti òkè Ọya bá dúró ti agbọ̀n yìí, tí kòkòrò sì ti wọ inú obì, ṣé ẹ máa sọ pé kò sí kòkòrò?"

"Ẹnu rẹ ti ń gùn o! Ta ló gbọ́ pé mo ta obì oníkòkòrò fún èèyàn rí? Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, èmi fúnra mi ni mo máa yọ ọ́ kí oníbàárà tó rí i. Béèrè ní gbogbo Sábó!"

"Ẹ ṣà á fún Nọ́ọ̀sì náà." Ọmọ́yẹni ya ewé láti ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n, ó tẹ́ wọn sílẹ̀. "Òwúrọ̀ yín rèé. Ọ̀sán yín rèé. Òru yín rèé. Bí ara bá ń tù yín, ẹ fi obì tó dára síbẹ̀. Bó bá ń dùn yín, ẹ fi èyí tí kòkòrò jẹ. Ẹ má fẹnu sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà ṣà á bí ẹ ṣe máa ń ṣà á lọ́jà."

Màmá wo ewé, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé yóò fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n náà dànù. Àmọ́ ọwọ́ tó ti ń ṣà obì láti ìgbà èwe kì í wo obì níwájú kó má ṣà á. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lórí ewé òwúrọ̀, obì rere ló pọ̀ jù. Lórí ewé ọ̀sán, oníkòkòrò borí. Nígbà tó dé orí ewé òru, oníkòkòrò ló ń tò, oníkòkòrò lé oníkòkòrò. Ó mú ẹyọ kan tó dára, ó gbé e sí àárín wọn, ó tẹjú mọ́ ọn títí. Lẹ́yìn náà ni ó tún mú un kúrò.

"Èyí ò sí níbẹ̀," ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Bí mo bá fi í síbẹ̀, mo rẹ́ yín jẹ."

Joanna kò dúró de ògbifọ̀. Ó jókòó pẹ̀lẹ́ sílẹ̀ lásán, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó sì sọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì Olúsànyà túmọ̀.

"Ó ní ìyá àgbà tòun náà, 'kò burú' ló ń sọ títí tó fi kú. Ó ní kò sí ẹni tó rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà bi í léèrè kó dáhùn."

"Àwọn òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Màmá la ẹnu. "Ẹ ò rí i pé àgbàlagbà ò yàtọ̀ níbi kankan!"

Nọ́ọ̀sì lọ sí mọ́tò, ó gbé ìgò oògùn olómi kan wá. Màmá fojú ṣọ́ ìgò náà.

"Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń sin èèyàn dé ọ̀run?"

"Màmá, bí ọ̀run ni mo fẹ́ rán yín lọ, ṣé n ó máa jó epo wá síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Ojú Nọ́ọ̀sì rọ̀. "Mi ò ní tàn yín. Oògùn yìí ò lè lé jẹjẹrẹ lọ. Ìrora ló máa lé. Ìwọ̀n tí mo bá sọ ni Ọmọ́yẹni á máa bù fún yín, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Kí ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa, torí ó máa ń mú ìgbẹ́ le."

"Ẹ dákẹ́ jàre! Lójú òyìnbó?"

Kí Joanna tó lọ, ó ní kí Ọmọ́yẹni jẹ́ kí òun ya àwòrán àwọn ewé náà. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn lè fowó ra mọ́tò àti oògùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà bi àgbà léèrè, ọ̀dọ̀ ọmọ onílé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ náà, Màmá kò bá Ọmọ́yẹni sọ̀rọ̀. Ó mu oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Ó tó bí ọjọ́ mélòó kan tí Nọ́ọ̀sì fi ń tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n pe ìrun, tí àwọn ọmọ ilé ìwé kọjá, tí Màmá ṣì ń sùn. Ọmọ́yẹni tẹ̀ba, ó gbé ọwọ́ sí ihò imú rẹ̀ bóyá ó ń mí.

"Mú ọwọ́ rẹ kúrò nímú mi," ni Màmá wí láì lajú. "Mi ò tíì kú. Ìkọ́kọrẹ́ dà?"

"Màmá! Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Rárá o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun ná."

Nígbà tó yá, Màmá ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò òun ní Òde Rẹ́mọ. Nọ́ọ̀sì gbà fún wọn. Wọ́n wọ takisí ní gáréèjì, èrò sì kún ẹ̀yìn mọ́ wọn bámúbámú.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o," ni awakọ̀ kí i. "Ara le?"

"Kò le," Màmá dáhùn kíákíá. "Jẹjẹrẹ wà lẹ́yìn mi. Bí o bá kó mi sí kòtò, ìwọ lo máa pọ̀n mí dé ilé àbúrò mi."

Ọkùnrin tó wà níwájú ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀. "Màmá, ẹ wá jókòó síbí. Èmi á lọ sẹ́yìn." Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ kòtò bí ẹni tó ru ẹyin. Nígbà tí Màmá jókòó tán, tí ara tù ú, ó bojú wẹ̀yìn.

"Ọmọ́yẹni, o rí i? Gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ pé ara le yẹn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kì mí mọ́."

Ọmọ́yẹni rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ti mọ̀ báyìí pé ọ̀wọ̀ àgbà kì í ṣe kí á bá wọn bo ìrora mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bẹ̀rù àgbà lè dákẹ́. Ọmọ tó fẹ́ràn wọn á kúnlẹ̀, á sì sọ òótọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn, tiwọn méjèèjì ló dákẹ́.