Àwọn Tí Ó Kù

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ológun fẹ́ ṣí, kò sí ẹni tó jókòó sílé. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni èrò ti kún etídò fọ́fọ́, tí àwọn ìyá ń dì mọ́ ọmọ wọn lọ́rùn, tí àwọn bàbá sì ń wú ikọ́ tí kì í ṣe ikọ́, nítorí ọkùnrin ìgbà náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omijé òun. Ogójì ọmọkùnrin ìlú ló ń lọ sójú ogun lókè òkun, nínú aṣọ kákí tó le gbagidi, tí bàtà wọn ń dún kò-kò-kò lórí pákó. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Aṣọ funfun ló wọ̀, kọ́là rẹ̀ aláwọ̀ aró, ìgbànú rẹ̀ fún dáadáa. Ìyá rẹ̀, aránṣọ, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ náà, ó sì rán àpò kékeré kan sínú rẹ̀ níbi tí ojú ọ̀gágun kankan kò lè tó. Kálàmù ló wà nínú àpò náà.

Gègé ni wọ́n ń pe obìnrin yìí. Láti kékeré ló ti ń fi gègé, kálàmù ayé ìgbà yẹn, há etí kiri, bó tilẹ̀ ń fọ abọ́ pàápàá, títí tí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fi di ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwé kí wọ́n tó rántí. Ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn ìlú. Òun ló lọ síbi tí afárá ti wó. Òun ló ń wọ ilé ẹjọ́ tí àwọn ọkùnrin ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́yìn, tó sì ń ti ìgbọ̀nwọ́ wọn padà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ tó ní òun yóò lọ fi ojú ara òun rí i, àwọn ológun ní àwọn kò gba obìnrin tí ń kọ̀wé, àfi nọ́ọ̀sì. Ó ní kò burú. Oṣù mẹ́wàá ló fi kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì padà lọ bá wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n gbàgbé fèrèsé.

Olóòtú ìwé ìròyìn náà wà létídò pẹ̀lú, nítorí àkọ́bí rẹ̀ wà lára ogójì náà. Àgbàlagbà gíga ni, tí kì í bọ́ kóòtù nínú òòrùn, tí ẹ̀wọ̀n aago rẹ̀ ń dán láyà.

Gègé kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìdúró, sà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ìwé tí mo bá fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi àmì ohùn sórí rẹ̀."

Olóòtú bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí àwọn méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé kò ní àmì lórí rárá, Olóòtú kò sì rí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ní in.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ẹni tó gbọ́ èdè bàbá rẹ̀, àmì kí ló tún ń wá? Ṣé kí n máa da kòkòrò sórí ọ̀rọ̀ ni?"

"Bí ẹnu bá sọ ọ́, sà, etí á gbọ́ ohùn. Ìwé ò lẹ́nu."

"Dìde, máa lọ. Bá mi tọ́jú ọmọ mi. Kí o sì máa kọ̀wé bí ọkùnrin."

"Bí Gègé ni n ó ṣe máa kọ ọ́, sà," ló wí, ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn lójú ogun. Wọ́n ti kó àga àwọn ọmọ jáde, wọ́n tẹ́ ibùsùn onírin sí ipò wọn, ṣùgbọ́n pátákó dúdú ṣì wà lára ògiri pẹ̀lú ìṣirò tí olùkọ́ kò rí àyè parí. Níbẹ̀ ni Gègé ti ń se báńdéèjì nínú omi gbígbóná, tó ń fọ egbò, tó ń gbé ọkùnrin tó wúwo jù ú lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Lọ́sàn-án, tí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù bá ń na ẹsẹ̀, òun á fi orúnkún ṣe tábìlì, á máa kọ̀wé sílé fún ìwé ìròyìn. Àwọn ará ilé ń ka ìwé rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Bí wọ́n bá kà á tán, wọn á tún ní kí ẹni tó mọ̀wé padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún kejì, ogun ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan jà. Nínú ogójì ọmọ ìlú, mẹ́fà kú, wọ́n kó ogún lọ sójú ogun mìíràn, mẹ́rìnlá tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì gbé wá sọ́dọ̀ Gègé. Nígbà tó gbọ́ pé àhesọ ti dé ilé pé gbogbo wọn ló ti ṣòfò, ó jókòó, ó kọ orúkọ àwọn mẹ́rìnlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ Olóòtú, Onígbàjámọ̀, Káfíńtà àti àwọn yòókù, kí ọkàn àwọn ìyá wọn lè balẹ̀. Ó kọ àkọlé sí i: *Àwọn tí ó kù ní wọ́ọ̀dù mi*. Ó fi kálàmù tẹ àmì orí *ù* náà kó nípọn, ó tún un tẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, Olóòtú á wá àmì, bí kò tilẹ̀ fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá kí èsì tó dé. Ìyá rẹ̀ ló ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé ló mọ̀ lára ìwé náà, ìyẹn Bàbá Tàdáwà, tí ìka rẹ̀ kì í mọ́ láéláé.

*Gègé ọmọ mi, Bàbá Tàdáwà ló ń bá mi kọ èyí. Àwọn ènìyàn kún ilé wa, ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n ní mẹ́rìnlá ló kú lọ́wọ́ rẹ. Olóòtú ti wọ aṣọ dúdú nítorí ọmọ rẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ìyàwó Káfíńtà ní kí wọ́n má dárúkọ rẹ létí òun. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í ka òkú bí ẹni ń ka bọ́tìnì. Bí ènìyàn kan ṣoṣo bá kú lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sọ bó ṣe kú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wí tìrẹ, kí n gbọ́.*

Bàbá Tàdáwà fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀: *Mo to ó bí mo ṣe ń to gbogbo ìwé. Olóòtú rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà. Ìwé tí o fọwọ́ kọ ti bá ìdọ̀tí lọ sínú iná. N kò rántí bóyá àmì wà níbẹ̀.*

Ojú ìwé ìròyìn náà wà nínú àpòòwé. AWON TI O KU NI WOODU MI. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ mẹ́rìnlá.

Ọmọ Olóòtú, tí ọta gba itan rẹ̀ kọjá, ló gba ìwé náà lọ́wọ́ Gègé, ó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ṣé èmi náà ti kú?" Onígbàjámọ̀ bi í léèrè láti orí ibùsùn rẹ̀.

"Ìwọ ni ìkẹrin."

"Ìkẹrin! Nínú ikú pàápàá, wọn ò jẹ́ n ṣe ìkíní."

Ni ẹ̀rín bá bú gbàù. Àwọn òkú mẹ́rìnlá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu irin ibùsùn. Káfíńtà, tí ọgbẹ́ àyà ti sọ di eegun lásán, rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi dá a dúró. "Ìyàwó mi á ti sunkún o! Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún un pé lásìkò tó ń sunkún mi yẹn, ẹ̀rín ni mò ń rín."

Gègé kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo fà á," ló wí. "Mo mọ̀ pé lẹ́tà wọn ò ní àmì. Mo lè kọ *àwọn tó yè*, kò sì sẹ́ni tí ìbá ṣì í kà. Mo fẹ́ fi han Olóòtú pé èmi ni mo gbọ́n ni." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ojú tì í, kò sì fi pamọ́.

Ìwé yóò pẹ́ jù lójú òkun. Wáyà nìkan ló lè tètè dé, wáyà sì wà fún ọ̀rọ̀ ogun nìkan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Gègé fi dúró lẹ́nu ọ̀nà dókítà àgbà, kí dókítà tó sọ pé, "Ó dáa, nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Má jẹ́ kó ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ." Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta yẹn gan-an ni Káfíńtà kú. Gègé ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó dúró níwájú pátákó dúdú pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Wáyà náà kò ní àmì, bí ilé ìtẹ̀wé kò ṣe ní in.

"Ẹ kọ pé a kò kú," ọmọ Olóòtú wí.

Gègé kọ ọ́: A KO KU. "Onígbàjámọ̀, kà á fún wa."

Onígbàjámọ̀ wò ó títí. "A kò... kù." Ó di ọwọ́ mọ́rí. "Yéè! Ẹ pa á rẹ́! Gbogbo wa ti tún lọ nìyẹn!"

Wọ́n ronú. Nígbà tó yá, Onígbàjámọ̀ náà ló tún sọ̀rọ̀. "Ẹ kúkú sọ fún wọn pé à ń jẹun. Òkú kì í jẹun."

Gègé kọ ọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣì í kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti Káfíńtà sí i, ni Onígbàjámọ̀ bá rọra ní, "Ẹ má tíì dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé kọ́kọ́ yọ̀ ná."

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kó tún gbé e wọ̀ padà? Lẹ́yìn tí mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan?"

Ó kọ orúkọ náà sí i. Ohun tí wáyà gbé lọ lọ́jọ́ náà nìyí: AWON METALA N JEUN. KAFINTA NIKAN DI OLOOGBE. GEGE.

Wọ́n ní nígbà tí Olóòtú kà á, ilẹ̀ ilé ìtẹ̀wé ló jókòó sí, láàárín àwọn lẹ́tà òjé, tòun ti kóòtù rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀meje. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lu agogo káàkiri ìgboro. Láti ọjọ́ náà, bí ará ìlú bá pàdé ara wọn, wọn kì í béèrè àlàáfíà mọ́. "Ṣé ẹ ń jẹun?" ni wọ́n ń wí, wọn á sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ gbé wọn padà. Etídò náà tún kún. Ọmọ Olóòtú fi ọ̀pá sọ̀kalẹ̀, bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Nígbà náà ló yíjú sí Gègé, tó ti ń kúnlẹ̀. Olóòtú ṣí fìlà kúrò lórí.

"Ẹ dìde," ló wí. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin Gègé."

Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kí Olóòtú pe ẹni tó kéré sí i ní *ẹ*. Ìyá Gègé, aránṣọ, tó wà láàárín èrò, gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n ń wọn aṣọ sí lọ́rùn. Olóòtú na ọwọ́ jáde. Lẹ́tà òjé kékeré kan ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, *ù*, àmì rẹ̀ ń dán lórí. "Àpótí mẹ́ta ni mo ní kí wọ́n rọ. Èyí ló kọ́kọ́ jáde."

Ṣùgbọ́n Gègé ti rí obìnrin kan tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nínú aṣọ dúdú tó ti ṣá. Ó lọ bá a, ó jẹ́ iṣẹ́ tí Káfíńtà rán an, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ló rẹ́rìn-ín?"

"Títí tí ikọ́ fi dá a dúró, ìyá."

"Bó ṣe máa ń rín in nìyẹn," obìnrin náà wí, ó sì di Gègé lọ́wọ́ mú.

Gègé tún rìn lọ́pọ̀lọpọ̀ lẹ́yìn èyí, ó kọ̀wé láti ìlú tí àwọn ará ilé kò lè pe orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kó tó dolóògbé lórí ibùsùn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Bàbá Tàdáwà, tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tẹ ọ̀pá wọ ilé ìtẹ̀wé, ó ní òun lòun ó to ìkéde náà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

Olóòtú tuntun, àlejò tí kò tíì pẹ́ nílùú, wo ohun tó tò. "Bàbá, ẹ ṣe àṣìṣe. Òkú la fẹ́ kéde. Àmì yẹn ti yí padà."

"Mo ti ṣe àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kan rí," Bàbá Tàdáwà dáhùn. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí iwájú ìwé, ÀWỌN TÍ Ó KÙ, pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀.