Ibojì Ìyá Fọláwùnmí

Ọjọ́ Sátidé ni. Fọláwùnmí ń bẹ iṣu nínú ilé ìdáná wọn ní Wilhelmsburg, ní ìlú Hamburg ní Jámánì. Dúnní, ọmọ wọn tó ń kàwé ní Berlin, ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí wọn. Ó gbé fóònù síwájú Láoyè, bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lu ìwé yìí."

"Ìwé kí ni?"

"Petition ni. Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin ní Berlin. Ìjọba fẹ́ fi owó ìlú ṣe onígbọ̀wọ́ fún àwọn tó fẹ́ wa gáàsì tuntun ní etíkun Áfíríkà. A ní kí wọ́n má ṣe é. A tún ní kí wọ́n ran àwọn tí òkun ń lé kúrò nílé lọ́wọ́."

Láoyè ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí ní Harburg. Kò fọwọ́ kan fóònù náà.

"Epo ló ń bọ́ wa. Mi ò sì ní páálí wọn, ìwé ọmọ onílùú. Ìwé ìgbélùú mi máa tó parí."

Fọláwùnmí rẹ́rìn-ín. "Bàbá Dúnní, ẹ bẹ̀rù lẹ́tà Ausländerbehörde, ọ́fíìsì àwọn àjèjì, ju Ọlọ́run lọ! Èmi náà ò ní páálí. Mo ti buwọ́ lù ú láàárọ̀."

"Ìwọ láyà."

"Ibojì ìyá mi ni mo ń rò."

Etíkun Ìlàjẹ ni abúlé rẹ̀ wà. Nígbà náà, ilé mẹ́ta péré ló kù láàárín òkun àti itẹ́ òkú.

"Tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni kí ẹ sin mí sí. Mi ò fẹ́ ilẹ̀ tútù yìí."

"Bẹ iṣu rẹ, jàre."

Fọláwùnmí kú ní oṣù Èrèlé tó tẹ̀lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Láoyè pe Dàmọ́lá, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ní abúlé.

"Ẹ bá wa gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹ̀gbẹ́ Màmá mọ́."

"Kí lo wí?"

"Òkun ti gbé itẹ́ òkú lọ. Lẹ́yìn Kérésìmesì ni. A rí pákó pósí lójú omi. A ò mọ ti ta ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta la fẹ́ sọ fún, ẹ̀gbọ́n? Àìsàn ń ṣe ìyàwó yín."

Ilẹ̀ tútù náà ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú Finkenriek. Àwọn ará ìjọ kọrin nínú aṣọ funfun, wọ́n sì lọ. Láoyè dúró. Ó ń wo Deich, òkìtì gíga tí wọ́n fi dí odò Elbe.

"Ta ló ní kí wọ́n mọ ọ́n ga tó báyìí?"

"Lọ́dún 1962, omi pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní erékùṣù yìí," Dúnní wí. "Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mọ ọ́n ga sí i."

"Òkú tiwọn ń sùn."

"Dádì, gáàsì àti epo tí wọ́n ń sun níbí wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Bí ayé ṣe ń gbóná, òkun ń ga. Àwọn tí kò sun tó nǹkan ni omi ń wọlé bá."

"Mú ìwé yẹn wá. Mo fẹ́ buwọ́ lù ú."

"Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá."

"Ṣé wọn ì bá gba tèmi, láìsí páálí?"

"Wọn ì bá gbà á. Òfin wọn sọ pé ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé ọmọ Jámánì. Wọn kì í sì torí rẹ̀ gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mọ́mì fi hàn yín, Dádì. Wọn ò ní páálí, wọ́n sì buwọ́ lù ú."



Lóṣù tó tẹ̀lé e, ìwé ìgbélùú rẹ̀ tuntun dé. Láoyè ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ kó tó dé. Ó mọ̀ pé orúkọ ẹnì kan kò lè dá òkun dúró. Síbẹ̀, ó kọ ọ́. Ó kọ orúkọ abúlé náà sí i.

Ẹ̀yin ará wa ní Hamburg àti Berlin, ọ̀rọ̀ epo àti gáàsì tí wọ́n ń jíròrò níbí kan ilé yín. Bí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá, ẹ kà á. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ̀yin tí ẹ ní páálí, ẹ lọ dìbò. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, ẹ lẹ́nu.

Ẹ má dúró dìgbà tí omi bá dé itẹ́ òkú.