Táǹkì Tí Wọ́n Fi Jó

"Má tíì fa rọ́bà yẹn!" Ìyá Àgbà pariwo láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Jẹ́ kí n pa iná ná. Àbí o fẹ́ sun gbogbo abúlé ni?"

Nangobi dúró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà da omi sí ààrò, ọ̀dùnkún tó wà lórí iná kò sì tíì jinná. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Nangobi, ọjọ́ Sátidé yìí sì ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi alùpùpù ilé lé e lọ́wọ́ láti tún un ṣe.

Alùpùpù náà ni Balikowa, bàbá rẹ̀, fi ń gbé èrò ní abúlé wa. Ìpẹtà ti kún inú táǹkì epo rẹ̀, débi pé bí ó bá ti ń gun òkè, á wúkọ́, á sì kú. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ti ní kí Balikowa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ mẹ́ta wá síbẹ̀ láràárọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Irú iṣẹ́ tó dájú bẹ́ẹ̀ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ rí.

Ìsìnkú ìbátan wọn kan ní ìlú Kamuli ló bọ́ sí Sátidé náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá lọ sìnkú ará rẹ̀, kó má retí ẹni tí yóò sin tirẹ̀. Balikowa gbọ́dọ̀ lọ. Ni Nangobi bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárọ̀.

"Bàbá, mo ti ń wò yín tipẹ́ tí ẹ bá ń tú u. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Wakabi, ọlọ́kadà ẹlẹgbẹ́ Balikowa tó wá gbé e lọ síbi ìsìnkú náà, bú sẹ́rìn-ín. "Balikowa, ọmọbìnrin lo fẹ́ fi alùpùpù lé lọ́wọ́? Kó má lọ fi táǹkì sebẹ̀ o!"

"Ọmọ mi ni," Balikowa dá a lóhùn. Ó kọjú sí Nangobi. "Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Tó o bá fọ̀ ọ́ tán, dorí ẹ̀ kodò sínú oòrùn, má sì dá a padà títí n ó fi dé lọ́la. Ikùn méjì ni táǹkì ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ibẹ̀ lomi máa ń sá pamọ́ sí. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Nígbà tí iná ti kú pátápátá, Nangobi fa epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà jìnnà sílé. Ó ṣí ìjókòó, ó tú bóòtù tó wà lẹ́yìn táǹkì, ó yọ rọ́bà àti wáyà, ó sì rọra fa táǹkì sẹ́yìn títí ó fi jáde. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀dá alùpùpù. Ó rọ omi, ọṣẹ àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ó dí ẹnu rẹ̀, ó sì ń mì ín títí apá fi ń ro ó.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń mì ín nìyẹn?" Ìyá Àgbà ní. "Ìwọ tó o ní ìdí! Dè é mọ́ ìdí kó o jó!"

Lákòókò yẹn gan-an ni Mutesi àti Tibita, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọlé. Wọ́n fi aṣọ Ìyá Àgbà di táǹkì mọ́ ìdí Nangobi, Ìyá Àgbà ń pàtẹ́wọ́, Nangobi ń jó. Ìdí la sì fi ń jó níbi tiwa. Òkúta ń ró wàràwàrà nínú táǹkì. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Mutesi gbà á, lẹ́yìn náà Tibita. Omi pupa ń tú jáde, wọ́n ń da òmíràn sí i, títí omi fi mọ́ gaara. Wọ́n dorí táǹkì kodò sínú oòrùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn.

Ní ọ̀sán, Mutesi fọwọ́ kan táǹkì, ó sì yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ó gbóná yìí! Ó ti gbẹ. Dá a padà kó o gbé wa lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́jà."

"Bàbá ní kí n dúró."

"Ẹn-ẹn. Àbí títú nìkan lo mọ̀? O ò mọ̀ ọ́n dá padà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Nangobi wọra. Kò pẹ́ tó fi dá táǹkì padà, ó da epo sí i, alùpùpù sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn ún, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Láàárín irà ni alùpùpù ti wúkọ́, ó wúkọ́ sí i, ó sì kú. Wọ́n tì í padà sílé, wọ́n sì gba iwájú àwọn ọlọ́kadà kọjá. Wakabi, tó ti ti ìsìnkú dé, kígbe pé, "Ṣé mi ò wí? Iṣẹ́ ọmọbìnrin nìyẹn!"

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, oòrùn mú ganrínganrín, ṣùgbọ́n Nangobi fi aṣọ bo alùpùpù. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án mọ́. Ìyá Àgbà ń pa ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo rí ẹni tó gùn ún jáde, mo sì rí ẹni tó tì í wọlé," ó ní. "Ẹnu tèmi, ẹ̀pà ni mo fi ń jẹ. Ẹnu tìẹ ni kó o fi sọ ọ́."

Nígbà tí Balikowa dé nírọ̀lẹ́, Nangobi kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá rẹ̀ kò bú u. "Tú u," ni ó wí. Nangobi tún tú táǹkì lójú rẹ̀, ó da epo inú rẹ̀ sínú abọ́, omi sì wà lábẹ́ epo.

"Gígùn tó o gùn ún dùn mí," Balikowa ní. "Ṣùgbọ́n bó o ṣe fi í pamọ́ láti àná ló dùn mí jù. Ká ní o sọ fún Ìyá Àgbà lánàá, oòrùn òní ì bá ti gbẹ ẹ́. Kí la máa fi gbé àwọn ọmọ lọ́la?"

Omijé bọ́ lójú Nangobi. "Ẹsẹ̀ wa, Bàbá."

Ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fi lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti dé ilé àwọn ọmọ náà. Balikowa fa méjì lọ́wọ́, Nangobi sì fi aṣọ tí wọ́n fi di táǹkì pọn èyí tó kéré jù. Òkè náà ga, ọmọ náà sì wúwo ju táǹkì lọ.

"Balikowa!" Wakabi kígbe. "Alùpùpù rẹ ti di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin!"

"Ọmọ mi mọ̀ ọ́n tú, ó sì mọ̀ ọ́n dá padà," Balikowa dá a lóhùn láìdúró. "Sùúrù ló ń kọ́ lọ́wọ́."

Wọ́n dé ilé ìwé náà kí agogo tó lù, iṣẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ Balikowa. Nangobi pẹ́ dé ilé ìwé tirẹ̀, ó sì gbá ọgbà gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Kò ráhùn.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n tún fi lọ ní ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán, Mutesi tún dé, ó fọwọ́ kan táǹkì tí wọ́n ti dorí rẹ̀ kodò sínú oòrùn. "Ó ti gbẹ wàyí."

Nangobi gbé e, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fetí sí ikùn rẹ̀ méjèèjì. Ó tún gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn. "Jókòó, jẹ ọ̀dùnkún," ó ní. "Bàbá ń bọ̀."

A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ẹ̀yin ọmọ. Bí ẹ bá sì ti kánjú lá a, tó ti bó yín lẹ́nu, ẹ tètè sọ fún àwọn ará ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, alùpùpù Balikowa gbé ọmọ mẹ́ta gun òkè náà, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wakabi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fọwọ́ ti alùpùpù tirẹ̀ wá sílé wọn, ó ń wá Nangobi pé kó bá òun tún un ṣe.