Bóòtù Mẹ́rin Ni, Kò Gbọdọ̀ Dín

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni nínú yín tí kò tíì jókòó sórí káríà kẹ̀kẹ́ kabaza tó ń gbé èrò rí? Ẹ ti fi í lọ sọ́jà, ẹ ti fi í lọ síbi ìsìnkú, ẹ ti gbé ọmọ pọ̀n sórí rẹ̀. Ó dáa. Ta ni nínú yín tó lóṣòó rí, kó wo ohun tó di káríà náà mú kó tó jókòó lé e?

Ẹ ò lè dáhùn. Mo mọ̀.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Sípánà ní ìkòríta wa lórí òkè Dedza. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí n ta irinṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà lábẹ́ igi píà tó kọjú sí páàkì àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́, ọwọ́ mi ò sì mọ́ rí. Ìgbìmọ̀ ààbò ojú ọ̀nà àdúgbò wa ló ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí n má fi ohunkóhun bò. Bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń rán létí pé kí n lanu!

Àṣà kan wà ní páàkì wa, Yá-mi-ní-kan ni wọ́n ń pè é. Bóòtù mẹ́rin la fi ń de káríà mọ́ kẹ̀kẹ́: méjì nísàlẹ̀ nítòsí àárín táyà ẹ̀yìn, méjì lókè lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Bí ti ẹnìkan bá já, tàbí tó bọ́ sọnù lójú ọ̀nà, kò ní í lọ ra òmíràn. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, yá mi ní kan." Ẹ̀gbọ́n á yọ ọ̀kan nínú tirẹ̀, á máa fi mẹ́ta ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n náà á yá tẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní òun ò yá ni, ahun ni. Adìyẹ kan ni ìtanràn rẹ̀, gbogbo páàkì ni yóò sì fi í jẹ nsima, òkèlè àgbàdo wa.

Wọ́n ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ mẹ́tàlélógún ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí bóòtù rẹ̀ pé. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọ́n ní Ìyá Sípánà ń wá ẹni tí yóò ra bóòtù tí òun ń tà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́rú kan, Lameki ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ènìyàn jà.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ bá mi wo kẹ̀kẹ́ yìí. Lọ́la ni mo fẹ́ gbé Zelipa lọ sí ọsìbítù ìsàlẹ̀."

Zelipa ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ọkọ rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn níbi iṣẹ́.

Mo ní, "Ṣé ó ti tó àsìkò ni?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú, Ìyá. Orí ń fọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ní kó má ju ọ̀la lọ, kó wá dúró lọ́dọ̀ àwọn títí yóò fi bí. Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi nìkan ló kù fún un."

Mo lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ náà. Kí n tó dìde, inú ti bí mi.

"Lameki, kí lèyí?"

"Bóòtù ni."

"Bóòtù wo? Irin tí wọ́n fi ń kọ́lé tí wọ́n fi ayùn gé ni! Èyí ńkọ́?"

"Biziweki ló yá mi."

"Bóòtù bẹ́ẹ̀dì nìyí! Ara bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kó wà, kó máa gbé ẹni tó ń sùn. Ibi kẹta yìí ńkọ́?"

Ó fọwọ́ họ orí. "Mo yá Biziweki ní ti ibẹ̀, Ìyá. Mo fi wáyà so ó."

"Wáyà! Aboyún lo fẹ́ fi wáyà so, kí o gbé e sọ̀kalẹ̀ òkè yìí?"

Ẹ̀kẹrin nìkan ló jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ náà láti ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Mo tú u, mo fi lé e lọ́wọ́.

Mo ní, "Àpẹẹrẹ wa nìyí. Ẹni tó fẹ́ ra bóòtù kì í fẹnu júwe, kì í fi ìka wọ̀n ọ́n. Èyí tó ti ara kẹ̀kẹ́ wá ni yóò mú dání." Mo wá da bóòtù inú agolo mílíìkì mi sórí àpò. "Ó yá, mú tìẹ."

Ojú ẹsẹ̀ ló mú èyí tó ń dán jù.

"Ṣé ìyàwó lo fẹ́ fẹ́ ni? Dídán kọ́ ni agbára. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Wo orí rẹ̀. Ṣé nọ́ńbà wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Wo èyí. Mẹ́jọ, àmì ìdánudúró, mẹ́jọ. Níbi tí wọ́n ti rọ ọ́ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí i lórí, kí á lè mọ bí irin rẹ̀ ṣe le tó. Irú rẹ̀ ni mo máa ń fi gbé ènìyàn. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, ta ló mọ bàbá rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó nawọ́ sí sípánà, mo gbá a lọ́wọ́.

"Ìka lákọ̀ọ́kọ́! Fi ìka yí nọ́ọ̀tù náà. Ṣé o rí bó ṣe ń lọ? Eyín tó yí bóòtù ká àti èyí tó wà nínú nọ́ọ̀tù, wọ́n mọ ara wọn. Bó bá há lẹ́yìn ìyípo kan péré, má fi ipá mú un. Àjèjì ni wọ́n jẹ́ síra wọn, nǹkan míì ni kí o wá."

"Bó bá sì gùn jù ńkọ́, Ìyá?"

"Kí eyín méjì tàbí mẹ́ta yọ lẹ́yìn nọ́ọ̀tù, ó tó. Kó má gùn débi tí yóò kan ṣéènì tàbí sípóòkù. Kó sì kún ihò rẹ̀. Bóòtù tó bá ń jó nínú ihò, ọjọ́ kan ni yóò gé." Mo fi wáṣà, òrùka irin pẹlẹbẹ, sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fún un ní nọ́ọ̀tù tó ní òrùka rọ́bà nínú, irú èyí tí kì í tètè tú bí ọ̀nà bá ń gbọn kẹ̀kẹ́. Mo ní tó bá dé ìsàlẹ̀ òkè, kó tún fi sípánà kàn wọ́n wò.

Owó bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú nọ́ọ̀tù wọn kò ju owó àwo ẹja usipa kan lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wàhálà dé. Sakaliya, alága páàkì, wá. Bóòtù kan ti bọ́ lára mẹ́ta tó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, méjì tó kù sì ti ń gbó. Ó fojú wo kẹ̀kẹ́ Lameki, ó pàtẹ́wọ́.

"Áà! Àbúrò mi ti dolówó. Mẹ́rin tuntun! Yá mi ní kan. Lọ́la ni mo fẹ́ gbé ìyá ìyàwó mi lọ gba oògùn ojú."

Lameki ní, "Ẹ má bínú, Alága. Mi ò ní lè yá yín."

Ẹni tó ń jẹ mandasi díndín dá ẹnu dúró.

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò yá yín. Mò ń gbé Zelipa lọ́la. Bóòtù mẹ́rin ni yóò gbé e."

"Ṣé orí Zelipa ni oyún ti bẹ̀rẹ̀ láyé ni? Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń fi mẹ́ta gbé ènìyàn!"

"Ẹ rà á, Alága. Ó wà nínú agolo Ìyá Sípánà."

"Kí n rà? Kí n fi owó ra ohun tó wà lára kẹ̀kẹ́ àbúrò mi?" Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń ba àwọn ọmọ yìí jẹ́, Ìyá."

Mo ní, "Bí kí n máà jẹ́ kí wọ́n kú bá jẹ́ ìbàjẹ́, mo bà wọ́n jẹ́. Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Sakaliya fi ìka na Lameki. "Adìyẹ lónìí, tàbí kí n má rí kẹ̀kẹ́ rẹ ní páàkì yìí mọ́."

Lameki gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. A rò pé ó ti sá. Nígbà tó padà dé, adìyẹ pupa kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Mo mọ adìyẹ náà. Zelipa ló ń sìn ín, kí ó lè rí ọbẹ̀ mu lẹ́yìn ìbímọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kó gbé e lọ.

Ó gbé e ka iwájú alága. "Adìyẹ yín rèé. Bóòtù mi wà níbi tó wà."

Orí mi wú. Ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í bá ènìyàn jà!

Wọ́n pa adìyẹ náà, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán, eegun nìkan ló kù. Biziweki yá alága ní bóòtù kan, kò sì bá nọ́ọ̀tù ọwọ́ rẹ̀ mu rárá. Ìka kò lè yí i. Sakaliya gbé sípánà ńlá, ó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Mo ké sí i: "Sakaliya, eyín wọn ò bára mu!"

"Ẹ wá wò ó, ó le bí òkúta! Kò mì!"

"Ó le nítorí pé wọ́n ń jẹ ara wọn nínú. Bí wọ́n bá jẹra tán, kò sí ohun tí yóò dì í mú."

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bínú, mo kó ẹrù mi, mo lọ sílé. Ó ń dùn mí títí dòní pé mi ò já sípánà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Zelipa ló sọ ìyókù fún mi. Lówùúrọ̀ ọjọ́bọ, alága ló wà níwájú pẹ̀lú ìyá ìyàwó rẹ̀, Ìyá Anasitazia. Lameki àti Zelipa tẹ̀ lé wọn. Ní kọ́nà kẹta, níbi tí òkè ti dà gan-an, ọ̀nà gbọn wọ́n. Zelipa ní òun gbọ́ kà! Nọ́ọ̀tù fò lọ. Káríà alága yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyàgbà náà sì ré lulẹ̀ sórí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, apá rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Lameki fa bíréèkì méjèèjì lójijì. Gbogbo ìwọ̀n Zelipa àti oyún rẹ̀ rọ́ lu káríà. Ó ní òun ti di ojú, òun ń dúró de ìgbà tí òun náà yóò ṣubú.

Káríà náà kò mì.

Zelipa tú ìró rẹ̀ kan, wọ́n fi so apá ìyàgbà náà mọ́ àyà. Ọkọ̀ tó kó ànàmọ́ ló gbé e lọ. Apá ti dá. Zelipa dé ọsìbítù lórí kẹ̀kẹ́ láìfarapa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ru sókè débi pé nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó tilẹ̀ jókòó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ọjọ́ kejì ló bí ọmọbìnrin. Bó bá jẹ́ pé òun ló ṣubú lórí òkè yẹn ńkọ́? Mi ò fẹ́ rò ó.

Lọ́jọ́ ajé, Sakaliya pe gbogbo páàkì jọ. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹni náà sọ!

"Lameki ló fà á! Ká ní ó yá mi ní bóòtù gidi ni, ìyá ìyàwó mi ì bá má ṣubú. Ahun ló dá apá àgbàlagbà!"

Àwọn kan ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lameki tẹ orí ba. Mo ti dìde kí n lọ fi sípánà gbá ẹnìkan lórí, ni ohùn kan bá sọ lẹ́yìn wa pé, "Ta ló dá apá mi?"

Ìyá Anasitazia ni. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, apá rẹ̀ nínú báńdéèjì funfun. Sakaliya kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò lè gbé ojú sókè wo ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Ọmọ yìí ì bá yọ ti àbúrò rẹ̀ fún ọ, àbí? Kí èmi má ṣubú, kí aboyún ṣubú. Ohun tí ò ń wí nìyẹn, Sakaliya?"

"Rárá, Ìyá."

"Rárá kẹ̀? Mẹ́rin ni bóòtù rẹ̀. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ti ìyá ìyàwó rẹ?"

Ìyá Anasitazia yíjú sí àwọn tó kù.

"Adìyẹ ọmọ náà dà?"

Ẹnìkan kùn pé àwọn ti jẹ ẹ́.

"Ẹ jẹ adìyẹ ọlọ́mọ! Ojú ò tì yín? Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí adìyẹ méjì wà lẹ́nu ọ̀nà Zelipa, láti inú ilé tìrẹ, Sakaliya. Mo sì mọ iye tó o ní."

Ó rìn lọ síbi kẹ̀kẹ́ Lameki, ó lóṣòó díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ tó kù kan àwọn bóòtù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin." Ó dìde. "Gbé mi lọ sílé, ọmọ mi."

Ọjọ́ yẹn ni Yá-mi-ní-kan kú ní páàkì wa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà láàyè níbòmíràn, ìdí rèé tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin èrò, ẹ ka bóòtù kí ẹ tó jókòó. Bí kò bá pé mẹ́rin, ẹ má gùn ún, kí wọ́n bú yín bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀yin ọlọ́kẹ̀kẹ́, ẹ mú bóòtù tó ti ara kẹ̀kẹ́ wá dání lọ sọ́jà. Ẹ wo nọ́ńbà orí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ má wo dídán. Ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tù, sípánà lẹ́yìn. Irin ilé, bóòtù bẹ́ẹ̀dì àti wáyà kò mọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn. Ẹ sì máa kàn wọ́n wò láràárọ̀, nítorí ọ̀nà wa kò lójú àánú.

Bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ yá òun ní kan, ẹ mú un lọ síbi tó ti lè rà á. Bó bá pè yín ní ahun, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fún wọn ní adìyẹ. Ẹ má fún wọn ní bóòtù.