Bá Mi Di Agolo Yìí Mú

Òórùn ẹja ló so wọ́n pọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibi tí oníkálukú ti ń pàdé ìfẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, inú ilé ìtẹ̀wé ni àwọn méjì yìí ti pàdé tiwọn, lọ́sàn-án gangan, láàárín òkìtì bébà.

Ọmọbìnrin náà, olùkọ́ ìṣirò, gbé ìbéèrè ìdánwò wá kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé ti ń gbé sáńwíìṣì túnà lọ sẹ́nu nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń jẹ tó ń pe èèyàn látòpópónà báyìí?”

“Túnà ni. Ṣé kí n bù fún yín?”

Ó yẹ kó ní rárá, ẹ ṣeun, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó jẹ ìdajì, ó lá ìka, ó sì tún ń wo ìdajì kejì.

“Háà! Ṣé ológbò ni yín ni?”

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ń pè é ní Ológbò, òun náà sì sọ ọkùnrin náà ní Alábébà. Gbogbo Sátidé ni Alábébà ń ṣe sáńwíìṣì náà fún un nílé rẹ̀. Kò jẹ́ kó gé àlùbọ́sà rí. Á ní, “Ojú tí mo fẹ́ máa wò títí ayé, mi ò ní jẹ́ kí àlùbọ́sà pa á lẹ́kún.”

Wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ tó ń gé bébà já wálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ ò mọ ọ̀gá rẹ̀ yàtọ̀ sí bébà. Ọwọ́ ọ̀tún Alábébà lọ, títí dé ọrùn ọwọ́.

Ológbò ò yẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Opó ni ìyá yìí, kọ́tìnnì ló ń rán fún àwọn èèyàn. Ó dá wá sílé Alábébà lọ́jọ́ kan, kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Ọmọ mi, mi ò kórìíra ẹ, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá ọmọ yìí fi wà lórí ìdùbúlẹ̀ kó tó lọ. ‘Bá mi di ife mú. Bá mi di ṣíbí mú. Bá mi di ilẹ̀kùn mú.’ Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi gbó. Mi ò ní la ojú mi méjèèjì sílẹ̀ kí ọmọ mi náà fi gbó.”

“Màmá, mo lè ṣe nǹkan fúnra mi.”

“Ó dáa. Èmi àti ọmọ mi ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé. Sáńwíìṣì tó máa ń ròyìn yẹn ni kó o ṣe. Kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó o bá gbé e dé iwájú wa, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ò bá ṣeé ṣe, jọ̀ọ́, fi ọmọ mi sílẹ̀.”

Ó gbà. Kí ni ì bá tún wí?

Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí káfíńtà kan ìṣó méjì gba inú pákó ìgé-nǹkan kọjá, kí ẹnu ìṣó yọ sókè, ibẹ̀ ló ń fi àlùbọ́sà gún kó má baà yí. Ìgò mayonéèsì, ó ń há a sáàárín itan kó tó yí ọmọrí rẹ̀. Agolo ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀: á há a sínú dúrọ́ọ̀, á fi ìbàdí tì í, á ki ìka bọ inú òrùka orí rẹ̀, á fà á. Ó ṣí agolo, ó jẹ túnà, ó tún ṣí òmíràn, títí ọ̀fun rẹ̀ fi ń kọ ẹja.

Sátidé dé. Ìyá àti ọmọ wọlé. Alábébà gbé omi wá.

“Màmá, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni.”

Ìyá náà wo ọwọ́ ọ̀hún, kò wo ojú ẹni tó ni ín.

“Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ yẹn.”

Kò mu ún. Ológbò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn lórí kí wọ́n má baà dìde láìgbàṣẹ.

Nínú kíṣìnnì, gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ. Àlùbọ́sà di wẹ́wẹ́. Ẹyin sísè bọ́ èèpo. Ìgò mayonéèsì ṣí. Búrẹ́dì ti wà nínú àwo, ó ń dúró. Alábébà há agolo sínú dúrọ́ọ̀, ó ki ìka bọ òrùka, ó fà á.

Òrùka náà já sí i lọ́wọ́.

Ó wò ó. Ó wo agolo. Orí agolo dán gbinrin, kò sí ojú ìhò kan níbẹ̀. Agolo yẹn nìkan ló kù nínú ilé.

Ó mú ọ̀bẹ, ó fi ẹnu rẹ̀ gún un. Ọ̀bẹ yọ̀. Ó tún gún un, agolo yí nínú dúrọ́ọ̀. Ó fi kùkùté ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìrora sì gbà á láti ibẹ̀ dé èjìká, nítorí ojú egbò náà ò tíì gba ìfọwọ́kàn. Ó gé ètè jẹ kó má baà ké.

“Alábébà, ṣé kò sí nǹkan?” Ológbò ló ń pè láti pálọ̀.

“Kò sí o, ayé mi! Ó ti ń parí lọ!”

Irọ́ ni. Òógùn ń kán sójú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á bí kò ṣe bà á rí, kódà lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ já. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ló lọ. Lónìí, Ológbò ni. “Ọlọ́run,” ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “mi ò ní kó O dá ọwọ́ mi padà. Mo ti gbà. Agolo yìí nìkan ni mo ń bẹ̀ Ọ́ fún. Agolo lásán.”

Ó fi gbogbo agbára gún un. Agolo ta jáde nínú dúrọ́ọ̀, ó já sílẹ̀, ó yí gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó yí dé pálọ̀, ó sì dúró síbi bàtà ìyá.

Alábébà jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn.

“Màmá, mi ò lè ṣí i.” Omi lé ròrò sí i lójú. “Ológbò mi, tẹ̀lé màmá lọ. Mo fẹ́ràn ẹ ju ara mi lọ, ìdí nìyẹn. Máa lọ, jọ̀ọ́, kí n tó yí ọkàn padà.”

“Mi ò lọ síbì kankan!” Ológbò ti bú sẹ́kún. “Ṣé túnà ni mo fẹ́ fẹ́ ni? Màmi, ẹ bá a sọ̀rọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, màmi!”

“Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin méjèèjì.” Ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti mú agolo, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. “Irú agolo wo ló máa le tó báyìí? Ọ̀bẹ dà?”

Ológbò dìde.

“Jókòó! Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.”

Ìyá náà wọ kíṣìnnì fúnra rẹ̀, Alábébà sì tẹ̀lé e. Ó gbé agolo sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀bẹ lé e, ó fi ọwọ́ kejì gbé ṣíbí ńlá, ó sì fi lu ìdí ọ̀bẹ. Agolo sá lọ sápá kan. Ó fà á padà, ó tún lù ú. Ó tún sá. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i; ó ká apá aṣọ sókè bí ẹni tó fẹ́ jà.

“Agolo ọ̀dájú! Ìwọ àti èmi ni lónìí!” Kò gbé ojú sókè. “Bá mi dì í mú.”

Alábébà na ọwọ́ òsì, ó tẹ́ ẹ yí etí agolo ká, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Agolo ò mira. Ìyá lu ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, òróró ẹja sì ta sí wọn lára. Ó ń gé e lọ díẹ̀díẹ̀, Alábébà ń bá a yí i, títí ọmọrí fi ṣí.

Ìgbà yẹn ni ‘bá mi dì í mú’ tó ti ẹnu ìyá jáde tó dé etí ara rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó ṣì di agolo mú, òróró ń kán láàárín ìka rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

“Ó pẹ́,” ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ó pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti bá mi di nǹkan mú.”

Alábébà ń wò ó.

“Kí lo ń wò? Ebi ń pa mí. Parí oúnjẹ ẹ.”

Ó ro òróró dànù. Ó fi fọ́ọ̀kì fọ́ ẹja, ó da ẹyin àti àlùbọ́sà sí i, ó bu mayonéèsì lé e, ó wọ́n ata díẹ̀, ó rò ó pọ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí búrẹ́dì, ó fi òmíràn dé e, ó gé e sí méjì. Ojú ibi tó gé wọ́ díẹ̀. Ìyá ti padà sí pálọ̀, Ológbò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Alábébà gbé àwo dé iwájú ìyá.

“Màmá, ẹ má bínú, ọwọ́ ò—”

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ìyá fi na ọwọ́ tirẹ̀. Òsì ni. Ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, kò ṣe é ní nǹkan kan, kò sì gbé e. Ó fi ọwọ́ òsì gba àwo lọ́wọ́ òsì.

“O ṣeun, àna mi,” ó wí, ó sì bù ú jẹ.