Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Ló Fi Ṣáájú Mi

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, n kò sì lá a lójú àlá. Ẹni tó bá wù kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá wù, kó lọ jókòó sílé bàbá rẹ̀. Èmi kì í bẹ òpè pé kó lóye ọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọkọ̀ mọ́kànlélógún la ní. Èmi ni mò ń kọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbéra, ibi tó máa dúró sí, àti ìgbà tó máa dé. Àwọn awakọ̀ ń pè mí ní Oníṣẹ́jú. Wọ́n rò pé èébú ni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aago mẹ́jọ àti aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ni n óò fi èébú rẹ̀ ṣe?

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ìwé ìrìnnà wa ní ojú méjì. Funfun wà lókè, pupa rúsúrúsú wà nísàlẹ̀, kábọ́nù sì wà láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé ohun tí o bá kọ sí funfun á hàn lára pupa. Awakọ̀ á mú funfun lọ. Pupa á kù sínú ìwé fún àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa nírọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan bá ti lọ ìrìnnà kan, tàbí tí ìrìnnà náà kò bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ fa ìlà gbọọrọ dábùú pupa náà. Bí a kò bá fà á, àwọn ará ìrọ̀lẹ́ á rò pé kò tíì sí ẹni tó lọ, wọ́n á sì rán ẹlòmíràn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ọkọ̀ méjì lọ gbé ẹrù kan ṣoṣo. Odindi ọdún kan ni mo fi ẹni tó ṣe àṣìṣe náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ràn dé àṣekágbá. Ìlú ńlá kan tó jìn sí wa ní wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ti fẹ́ gbá a, lọ́sàn-án Sátidé. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀kan péré. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá mú èèyàn dání lọ wo bọ́ọ̀lù, wàhálà ló mú dání. Òmíràn á fẹ́ tọ̀ nígbà tí góòlù fẹ́ wọlé. Òmíràn á máa béèrè ta ni bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ojú rẹ̀ pamọ́ sílé.

Àgbà awakọ̀ kan gbọ́ pé èmi nìkan ni mò ń lọ.

"Oníṣẹ́jú, àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà o."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ejò, bàbá. Èmi kì í ṣe ejò."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo yí ojú kúrò. Eyín ẹnu rẹ̀ kò pé mẹ́wàá, ó ń pòwe fún mi.

Ìyàwó mi ni kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni. A ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje, tí mò ń pè ní Oníbéèrè nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó gun ògiri, ó jábọ́, ó kán lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wọ sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà. Sátidé yẹn gan-an ni dókítà fẹ́ tú u.

"Ọmọ yìí máa tún ìrìn kọ́ ni," ni ìyàwó mi wí. "Èmi á di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Ta ló máa di ìkejì mú?"

"Ògiri wà ní ọsibítù."

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́, bí ìgbà tó ń wo aṣọ tó ti há mọ́ni lára.

"Bàbá Oníbéèrè, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilé yìí ò ní nílò yín mọ́."

Mo pòṣé. Ẹni tó ń gán etí aṣọ ọmọdé ló ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó kọ ètò mi. Ìwé tó wà níwájú mi ni mo kọ ọ́ sí, ìwé ìrìnnà. Bọ́ọ̀sì, aago mẹ́jọ. Òtẹ́ẹ̀lì, aago mọ́kànlá. Oúnjẹ, aago méjìlá ààbọ̀. Pápá ìṣeré, aago méjì. Òtẹ́ẹ̀lì, aago mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án. Ilé, aago méjìlá. Arìnrìn-àjò: ẹnì kan. Mo ya funfun, mo ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, mo tì í bọ àpò. Ọwọ́ mi dára. Mo gba ti ara mi.

Bọ́ọ̀sì wa kò tètè gbéra láàárọ̀ Sátidé. Obìnrin kan ń wá ẹsẹ̀ bàtà ọmọ rẹ̀ kan. Odindi ọkọ̀ ń dúró de bàtà. Mo wọ òtẹ́ẹ̀lì ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ ti gbà á, ọ̀gá. Aago mọ́kànlá géérégé."

Ó yí ìwé àlejò sọ́dọ̀ mi. Ìkọ̀wé mi ni. Ìbuwọ́lùwé mi ni. Tàdáwà náà kò tíì gbẹ dáadáa.

Mo sọ fún un pé òun àti àwọn tó gbà á síṣẹ́, kò sí ẹni tó ní làákàyè. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi tayọ̀tayọ̀ ni," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kejì.

Yàrá náà dákẹ́. Omi ń kán nínú ilé ìwẹ̀. Tó. Tó. Ọṣẹ tutù. Ẹnì kan ti jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, àmì rẹ̀ wà lórí aṣọ. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo dúró. Mo tẹ́tí. Kò sí ìró ẹsẹ̀ kankan. Ọ̀lẹ ni wọ́n, ni mo sọ lọ́kàn mi. Wọn kò tún yàrá ṣe lẹ́yìn ẹni tó lọ.

Ní ilé oúnjẹ, agbáwo ń palẹ̀ àwo mọ́ lórí tábìlì tí mo fẹ́ jókòó sí. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ebi tún ń pa yín ni?" Mo yí padà jáde. N kò sì jẹun mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà pápá, ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀.

"Nọ́ńbà yìí ti wọlé."

"Òun rèé lọ́wọ́ mi."

Ó wo ojú mi. "Ẹ̀yin mà ni. Ìgbà wo lẹ jáde?"

Ó jẹ́ kí n kọjá. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sí ìlà kẹrìnlá. Oòrùn ń ràn, ariwo gba ojú ọ̀run. Mo ka ìjókòó. Ìkẹsàn-án ni tèmi.

Ẹnì kan jókòó níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ṣẹ́ẹ̀tì mi ló wọ̀. Àpá tó wà lẹ́yìn ọrùn mi láti kékeré wà lẹ́yìn ọrùn tirẹ̀. Ó ń bá ẹni ọ̀tún sọ̀rọ̀. Ẹni òsì na ẹ̀pà sí i, ó gbà á, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Èmi, n kì í gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀.

Orí mi wú. Mo fẹ́ pariwo. Góòlù wọlé, gbogbo èèyàn fò sókè, ṣùgbọ́n etí mi di pátápátá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin náà dì mọ́ ẹni ọ̀tún rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn títí wọ́n fi gbá a tán. Bí ẹ bá bi mí pé ta ló borí, n kò lè sọ.

Nígbà tí fèrè dún, ó wọ àárín èrò, mo sì tẹ̀lé e. N kò bá a. Mo dé yàrá mi ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn láti inú. Mo kàn án.

"Ta nìyẹn?"

Ohùn mi ni. Ṣùgbọ́n ó rọ̀. N kò mọ̀ pé ohùn mi lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó sórí àga àwọn àlejò, mo pe ilé.

"Ẹ tún ti pè?" ni ìyàwó mi wí.

"Kí ló ń jẹ́ tún?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ ni. Ẹ bá ọmọ sọ̀rọ̀ títí ó fi dákẹ́ ẹkún. Ẹ kọrin fún un."

"Orin? Èmi?"

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" ó béèrè. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Orí àga yẹn ni mo sùn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé n kò fa ìlà kankan sórí pupa ètò mi. Mo pòṣé fún ara mi. Bébà ni bébà ń jẹ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, kí ló yà mí sọ́tọ̀ sí àgbà awakọ̀ tí kò léyín?

Síbẹ̀, n kò dúró de aago mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì aago méje ni mo wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. N óò dé ilé ṣáájú ọkùnrin náà. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo fẹ́ láyé nìyẹn.

Táyà bẹ́ ní ààrin ọ̀nà. Awakọ̀ kò ní òmíràn. Mo sọ fún un níwájú gbogbo èrò pé ewúrẹ́ tó wa ọkọ̀ sàn jù ú lọ. A dúró. Oòrùn mú. Koríko kò mì. Kò sí ẹyẹ tó dún.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá ààbọ̀, bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án ń bọ̀. Kòtò wà níwájú wa, ó sì ń rọra lọ. Mo rí ọkùnrin náà lójú fèrèsé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Ojú mi ni, kò ku ibì kan. Ó gbé bọ́ọ̀lù tuntun kékeré kan sórí itan. Ó wò mí. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, kò bẹ̀rù mi. Àánú mi ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ohun tó dùn mí tó ìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé mi ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú ilé. Ó ń ka ìṣísẹ̀. "Mẹ́fà! Méje!" Ohùn ọkùnrin kan ń sọ pé, "Rọra, ìyá mi. Mo dì ọ́ mú."

Ìyàwó mi jáde. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu pé ó rí mi.

"Ta ló wà nínú ilé mi?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ ń rìn."

"Mo ní ta ni!"

"N ò mọ̀ ọ́n. Ó dé, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"Èmi rèé! Wò mí dáadáa. Èmi ni ọkọ rẹ."

"Mo mọ̀."

Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Kò kúrò lọ́nà. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi, kì í sì í ṣe ẹni tó wà nínú ilé ni mo ń bẹ̀rù. Mo ní, "Jọ̀ọ́." N kò rántí ìgbà tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un gbẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin gan-an ni ọkọ mi," ó wí. "Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa lọ nìyẹn."

Ó wọlé. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbọ́ ohùn mi láti inú ilé, tó ń béèrè bóyá oníbàárà ló wá gba aṣọ.

"Rárá," ni ìyàwó mi dáhùn. "Ẹnì kan tó ṣìnà ni."

Mo dúró síbẹ̀ títí ọmọ mi fi ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ dé ogún.